Orúkọ Rẹ̀ Ló Wà Níbẹ̀

Ìgandò,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé àyà rẹ máa já tí ìyá rẹ bá na ìwé yìí sí ọ, nítorí nínú ilé wa, ẹnu la fi ń sọ ohun gbogbo. Fọkàn balẹ̀. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti tẹ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo pa á rẹ́. Lórí ìwé, tí mo bá kọ nǹkan tí mo sì fagi lé e, o ṣì máa rí i lábẹ́ igi tí mo fà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Inú ìyá rẹ dùn lọ́jọ́ Àìkú tí o pè. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé ọmọ òun ti di olórí àwọn tó ń tọ́jú dátábéèsì, àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi gbọ́ ọ yékéyéké. O ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbi iṣẹ́ yín ló ní bó ṣe ń ṣe é tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn kan á pa ẹ̀rọ, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á ní ó ti parí. Àwọn kan á pe ìpàdé, wọ́n á pariwo títí ọ̀fun á fi gbẹ. Àwọn kan á lé ẹnìkan lọ sílé, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n wá ní kí ìwọ kọ ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀lé láti wádìí. O fi fọ́ọ̀mù tí o kọ ránṣẹ́ sí mi. O ní, “Bàbá, ẹ bá mi wò ó o, ẹ̀yin náà ti di akẹ́kọ̀ọ́.” O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà lo sọ èyí tó kù. O ní àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà yín kan ti pòórá, pé àwọn ọ̀gá fẹ́ kí o fi ìlànà tuntun yìí wádìí rẹ̀, kí o sì mú orúkọ wá bá wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo bi ọ́ bóyá o ti mọ ẹni tó ṣe é.

O ní, “Bísí ni, ẹni tí a jọ ń jókòó. Ó dùn mí o, Bàbá, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Mo ní iná fẹ́ tán lórí fóònù mi, mo sì pa á. Iná kò tán, Àjọkẹ́. Fóònù mi kún dẹ́múdẹ́mú. Gbólóhùn tí o sọ yẹn ni mi ò lè dúró gbọ́.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí o mọ irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Èmi ni bàbá tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ọmọ-ọmọ jó. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà. Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n tó wọ kíláàsì, n óò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, n óò máa ronú bóyá lónìí ni wọ́n máa sọ fún mi pé àṣìṣe ni bí wọ́n ṣe gbà mí. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní Dádì. Ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú wo ìwé mi lọ́jọ́sí, ó ní, “Dádì, ẹ tún ti kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ pátápátá. Ṣé ẹ kọ ikọ́ tó wú náà sílẹ̀?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí nǹkan kan má bọ́ lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ náà, mẹ́jọ nínú ogún ni mo gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Nítorí náà, má gba ọ̀rọ̀ mi bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jábọ́ sínú kòtò, tó ń ké sí ọ láti ìsàlẹ̀ pé ibí yìí jìn.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Àjọkẹ́. Orí wọ́. Mo sì ń wò ó.

Ṣé o rántí Àǹtí Fọlákẹ́? A jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì, ní ilé ìwòsàn aládàáni tí mo wà kí wọ́n tó tì í pa. Nígbà ìsinmi, tí mo bá mú ọ dání lọ síbi iṣẹ́, òun ló máa ń gbé ọ jókòó sórí àga rẹ̀, tí yóò di ìka rẹ mú lé orí kọ̀ǹpútà. “Àjọkẹ́ ọmọ ọ̀gá, ó yá, tẹ orúkọ ẹ kí n rí i.” Òun ló kọ́ ọ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́n, ohun tí a bá ní kó ṣe náà ló ń ṣe. O ti sọ gbólóhùn yẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O rò pé ilé ẹ̀kọ́ lo ti gbọ́ ọ.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Kí dátábéèsì tó dé, káàdì la fi ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn, nínú àwọn àpótí onírin tó ga tó èèyàn. Ọ̀gá àgbà wa ra kọ̀ǹpútà, ó sì gba ọkùnrin kan tó wá to gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa láti kó gbogbo káàdì wọnú ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà ní tí a kò bá mọ ọjọ́ ìbí ẹnìkan, kí a kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, kí a sì fojú bu ọdún rẹ̀. Ṣé o mọ àwọn èèyàn wa. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìdajì àwọn ará Ìgandò ti di ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ààyè kan ṣoṣo ló sì wà fún orúkọ. Kò ya orúkọ ìdílé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹni.

Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ kó àwọn orúkọ tó jọra jáde, ó ní ó lè jẹ́ ẹnìkan tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa ni kí á wò wọ́n ní méjì méjì, kí á da àwọn tó bá jẹ́ ẹnìkan pọ̀. Páswọ́ọ̀dù tí mo fi ń wọnú ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àǹtí Fọlákẹ́ ní, “Bàbá Àjọkẹ́, ẹ lo tèmi jàre. Ṣé inú àpò mi ló ṣí sí ni?” Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe ń lo tirẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó lọ síbi àdúrà ọ̀sán tí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì máa ń gbà ní yàrá ìdúró. Èmi nìkan ló kù. Ẹ̀rọ gbé orúkọ méjì wá síwájú mi. Táíwò Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé Táíwò. Obìnrin ni méjèèjì. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún kan náà. Òpópónà kan náà ní Àkẹ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́: “Ìyá yìí ò mọ èwo nínú ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.” Mo rò pé ẹni tó kọ káàdì ló fi orúkọ ìdílé ṣáájú lẹ́ẹ̀kan, tó fi í kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Méjì di ọ̀kan.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Àjọkẹ́. Kẹ́hìndé ni àbúrò ìyá mi, orúkọ rẹ̀ sì ni gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe orúkọ ìdílé títí dòní. Mo mọ̀ pé ìbejì máa ń di bàbá, pé orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ lè di ti ilé, kí ìbejì mìíràn sì tún wọ ilé náà bí ọmọ tàbí bí ìyàwó. Tí àlejò bá ṣe irú àṣìṣe yìí, a ó ní àlejò ni. Kí ni a ó sọ nípa tèmi?

Obìnrin méjì ni wọ́n. Lórí káàdì ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ tipẹ́ pé ara rẹ̀ kò gba oògùn kan. Fáìlì ẹnì kejì, tí kò ní ohun pupa kankan, ló borí nígbà tí mo dà wọ́n pọ̀. Kò ju oṣù kan lọ tí obìnrin tí wọ́n fi bírò pupa kọ tirẹ̀ náà fi wá pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Dókítà wo kọ̀ǹpútà, ó rí i pé ó mọ́, ó sì kọ oògùn yẹn gan-an fún un. Abẹ́rẹ́ kan péré. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ wú, èémí ń há a. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ, a dúpẹ́. Oyún inú rẹ̀ ni kò dúró.

Ọ̀gá àgbà pè wá lọ́jọ́ kejì. Ọkọ obìnrin náà wà níta, ó ń pariwo. Ọ̀gá ní, “Mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn. Ta ló ṣe é? Ẹ fún mi lórúkọ tí n óò sọ fún ọkùnrin tó wà níta yẹn.” Ẹni tó to ẹ̀rọ ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan sí. Orúkọ Àǹtí Fọlákẹ́ hàn gbangba. Ọ̀gá yíjú sí mi. “Bàbá Àjọkẹ́, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ta ni?”

Mo ní, “Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, sà.”

Mi ò purọ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù nínú rẹ̀. Ká ní mo purọ́ ni, bóyá ẹnìkan ì bá ti já irọ́ mi. Òtítọ́ tí mo sọ kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú.

Àǹtí Fọlákẹ́ wò mí. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nínú orí ara rẹ̀. Ó ní, “Ó lè jẹ́ èmi o, sà. Wọ́n pọ̀ tí mo dà pọ̀. Mi ò rántí eléyìí.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀: Ọjọ́bọ̀, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹtí Fọlákẹ́ kò sí níbi tó ti lè rí i. Ká ní ẹnikẹ́ni ka aago náà sókè ni, gbogbo àwọn tó bá a kọrin ní yàrá ìdúró ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á. Orúkọ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti rí orúkọ. Èmi rí aago náà, mo sì wolẹ̀.

Wọ́n lé e kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà ìsinmi tó tẹ̀lé e o bi mí pé, “Bàbá, Àǹtí dà?” Mo ní ó ti ríṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n da àwọn káàdì náà nù ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí ni a tún ń kó ìdọ̀tí pa mọ́ sí? Ààtàn Solous ni wọ́n dà á sí. Mo lọ síbẹ̀. Mo bá ìyá kan tó ń ṣa páálí, mo kí i, mo bi í bóyá ó rí káàdì ilé ìwòsàn. Ó wò mí láti orí dé bàtà mi tó ń dán. Ó ní, “Alàgbà, ibí yìí ò ní dókítà o. Káàdì? Àwọn tó ń ra páálí ti kó o lọ láàárọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a pàdé tó ti di tísù.” Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?” Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá mo lọ wá káàdì náà láti gbé e fún ọ̀gá, tàbí láti rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni n óò sọ fún ọ báyìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìlànà. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mú èyí tó bá wúlò.

Àkọ́kọ́. Ìlà kìíní lórí fọ́ọ̀mù rẹ ni “Orúkọ ẹni tó fà á”. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ kò ní wádìí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rí tí yóò gbe orúkọ náà lẹ́sẹ̀ ni yóò máa wá. Kí ìlà kìíní jẹ́ “Kí ló ṣẹlẹ̀, ní aago mélòó?” Ẹ to aago náà tẹ̀léra, láti ìgbà tí ohun gbogbo ṣì dára títí dé ìgbà tó bàjẹ́, kí ẹ kà á sókè létí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. A máa ń sọ pé ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo ti ronú sí òwe yẹn fún ọdún mẹ́rìnlá. Ta ló ń sọ fún ọba èwo ló ṣẹ̀? Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Èkejì. Orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ, orúkọ ni, kì í ṣe èèyàn. Kí ẹni tó ń wádìí bèèrè ẹni mìíràn tó ń lo páswọ́ọ̀dù náà, kó sì bèèrè ìdí tó fi ń lò ó. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì. Àwa kò jalè. Tèmi ni kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ sì ń dúró dè wá. Bísí ńkọ́? Ṣé o ti bi í, àbí ẹ̀rọ nìkan lo bi? Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ẹnìkan.

Èyí tún wà níbẹ̀: tí ẹnìkan bá ní “Ó lè jẹ́ èmi”, má yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mọ́ ló máa ń tètè ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ dájúdájú ohun tó ṣe máa ń dákẹ́. Mo dákẹ́.

Ẹ má tún nǹkan ṣe kí ẹ tó tọ́jú bí ó ṣe rí nígbà tó bàjẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má da káàdì nù títí ẹni tó mọ oníkáàdì yóò fi fọwọ́ sí i pé tuntun àti ògbólógbòó dọ́gba. Ohun tí a bá ti dà sí ààtàn, kò sí àdúrà tó ń kó o padà.

Ẹ̀karùn-ún ni àbí ẹ̀kẹrin, mo ti ṣì í kà. Kí ìlànà náà lè kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ta ló fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì? Ta ló fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ní ààyè kan ṣoṣo fún orúkọ, nínú ìlú tí ìdajì èèyàn ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹlòmíràn? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ìlànà tí kò bá lè bi ọ̀gá ní ìbéèrè tó bi akọ̀wé, ẹgba ni, kì í ṣe ìlànà. Mo mọ̀ pé èyí lè ṣe ọ́ ní jàǹbá. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni, ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ìwọ ọmọdébìnrin yìí ti ṣe jù. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé ó máa dára. Mi ò gbàgbọ́ pé ó máa ń dára.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú èyí tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí á kọ ìtàn ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ba àkọsílẹ̀ jẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Àwọn ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé wọn ń kọ lọ ràì. Èmi tẹjú mọ́ ìwé títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi ní òfìfo. Nígbà tí mo jáde, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi wá sílé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Egan, níbi tí mo ti gbọ́ pé Àǹtí Fọlákẹ́ ń gbé ní yàrá kan nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti mọ ibẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mi ò lọ rí.

Ó jókòó sí ìta gbangba, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé ìwé fún télọ̀ kan. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó tètè dá mi mọ̀. “Ẹ̀ẹ́! Bàbá Àjọkẹ́! Àṣé ẹ ṣì wà láyé! Ẹ wo ikùn yín, ẹ ò tiẹ̀ tijú.” Ó gbé omi fún mi. Ó ní kò sí ilé ìwòsàn tó gba òun mọ́ lẹ́yìn tiwa, gbogbo ibi tí òun bá dé ni wọ́n ti ń béèrè ìdí tí òun fi kúrò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa òjò. Lẹ́yìn náà ó béèrè rẹ. Mo ní o ti ń ṣiṣẹ́ dátábéèsì. Ó pàtẹ́wọ́, ó dìde dúró. “Èmi ni mo kọ́ ọ! Ṣé ẹ rántí? Èmi ni! Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní kó máa ṣọ́ra o. Kó má lọ ṣe bíi tèmi.”

Ó tún jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó ní, “Bàbá Àjọkẹ́, ṣé wọ́n padà rí i? Ibi tí ọwọ́ mi ti ṣì? Mo máa ń jókòó, mo máa ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú orí mi, gbogbo orúkọ tí mo rántí. Mi ò rí i. Ká ní mo rí i ni, bóyá ara ì bá tù mí.”

Ọdún mẹ́rìnlá, Àjọkẹ́. Ó ti ń wádìí fún ọdún mẹ́rìnlá nínú orí ara rẹ̀ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní, “Ó ti pẹ́, Àǹtí. Ẹ gbàgbé ẹ̀.” Mo mu omi rẹ̀ tán, mo sì lọ.

Lẹ́yìn tí o pè lọ́jọ́ Àìkú, mo tẹ fọ́ọ̀mù rẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí wa, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa sínú rẹ̀. Níbi “Orúkọ ẹni tó fà á”, mo kọ orúkọ mi. Mo rò pé ara máa tù mí. Mo wò ó títí, mo rí i pé kò tíì sọ nǹkan kan. Orúkọ mi kò sọ pé ààyè kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ. Kò sọ nípa ọjọ́ ọdún tuntun, páswọ́ọ̀dù, tàbí bírò pupa tí ẹ̀rọ kò ní àyè fún. Ká ní wọ́n lé èmi náà nígbà yẹn, àwọn Táíwò mìíràn àti àwọn Kẹ́hìndé mìíràn ì bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín tí yóò sì tẹ bọ́tìnnì. Mo fagi lé e. Má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí o bò mí mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bi mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo rí aago tí mo sì wolẹ̀, kò sì tíì parí.

Fi ìlà kan kún ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù rẹ: “Ta ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí a rí?” Má jẹ́ kí wọ́n pa fáìlì dé títí ìlà yẹn yóò fi kún, kí ẹnìkan sì ti lọ sọ fún wọn. Mo kọ ìlà náà sí tèmi, mo sì kọ èèyàn méjì síbẹ̀. Ẹni kìíní ni obìnrin Àkẹ̀sán tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀. Mi ò lè kọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni, nítorí èmi ni mo sọ wọ́n di ọ̀kan, káàdì wọn sì ti di tísù. Ẹnì kejì ni Àǹtí Fọlákẹ́.

Ìyá rẹ ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́la. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti kúrò nílé, èmi náà máa lọ sí Egan. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti débẹ̀ rí, mo sì mu omi. Mi ò fọkàn tán ara mi mọ́. Mi ò rò pé Àǹtí Fọlákẹ́ máa dárí jì mí, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é. Iṣẹ́ kò ní padà, irun rẹ̀ kò ní dúdú mọ́.

Mo kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tí mi ò tíì pè ọ́ pé mo ti sọ fún un, má dúró dè mí. Kí o tó kọ orúkọ Bísí sí ibikíbi lọ́jọ́ Jímọ̀, kọ́kọ́ pe Àǹtí rẹ. Sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni, ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò ní béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ rẹ. Yóò rántí pé ó ń gbàdúrà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.